Ẹ̀bi Ìkòkò Ọsàn

Ìdí àtẹ ọsàn ni ìyálé mi ti rí mi. Ìyá mi ń ta ọsàn ní Ọjà'ba, nísàlẹ̀ òkè Màpó, nígbà tí òkè náà ṣì jẹ́ òkè lásán tí ewúrẹ́ ń gùn, tí wọn kò tíì kọ́ ilé kankan sórí rẹ̀. Èmi a máa jókòó tì í, mà á máa fi àkísà nu eruku kúrò lára ọsàn. Ọsàn mímu ni gbogbo ayé ń rà. Àwọn tó fẹ́ ṣe àgbo a máa béèrè ọsàn wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n ọsàn kíkorò, èyí tí èèpo rẹ̀ nípọn tí ara rẹ̀ sì rí págunpàgun, kò sí ohun tí àwọn ará ilé wa mọ̀ ọ́n fún ju pé kí a fi fọ abọ́ idẹ lọ. Ẹ̀yìn àtẹ ni ìyá mi ń kó o sí.

Obìnrin kan wà tí kì í wo iwájú àtẹ rárá. Ẹ̀yìn ni í gbà. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi èékánná họ èèpo ọsàn kíkorò kan, á gbé e sí imú, á sì dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Tí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á kó o. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á dá a padà síbi tó ti mú un gan-an. Ó ga, ó dúdú, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ni wọ́n ń fi ọsàn burúkú yìí ṣe. Ó ní sísè ni òun ń sè é. Nígbà tó lọ tán, ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti rí ẹni tó ń se iṣu, òun ti rí ẹni tó ń se ẹ̀wà, òun ò rí ẹni tó ń se ọsàn rí.

Nígbà tó tún padà wá, ó mú díẹ̀ wá fún mi nínú ìgò kékeré. Ó bù ú lé mi ní àtẹ́lẹwọ́. Ó pọ́n, ó ń dán, èèpo ọsàn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sì dúró nínú rẹ̀. Mo lá a. Ó dùn, ó wá korò, ó tún wá dùn. Ojú mi ló ń wò ní gbogbo àkókò yẹn. Oṣù kejì ni àwọn àgbà ilé ọkọ rẹ̀ wá sílé wa láti tọrọ mi fún ọkọ rẹ̀, òun náà sì wà lára àwọn tó wá.

Ọdún mẹ́rìnlá ló ti lò nílé ọkọ láìbí. Àwọn ènìyàn sọ pé ọmọ tí òun lè máa darí ló ń wá fún ọkọ, ẹ̀rù sì ba ìyá mi náà bẹ́ẹ̀. Mo ń sọ ọ́ báyìí kí gbogbo ẹni tó bá ka èyí lè mọ̀: kò fi mí ṣe ẹrú lọ́jọ́ kan. Ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, nítorí èmi kò mọ̀wé, mo sì ti sọ fún un pé kó má ṣe bá mi tún un ṣe.

Bẹyẹrúnkà ni agbo ilé ọkọ wa wà. Mùsùlùmí ni gbogbo wọn. Aránṣọ ni ọkọ wa, ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́bàá Ọjà'ba. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ibi tí ariwo bá ti ń bọ̀, ó ti máa ń kúrò níbẹ̀ kó tó dé.

Ìyálé mi ṣì kéré nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìdáná obìnrin òyìnbó kan tí òun àti ọkọ rẹ̀ wá wàásù ní ìlú wa. Ìyá rẹ̀ ló ń ta igi ìdáná fún wọn. Obìnrin òyìnbó náà kì í lè jẹ búrẹ́dì láìsí ohun tí wọ́n ń pè ní mámáléèdì, èyí tó sì ń ti ìlú wọn wá máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà. Ni ó bá rí igi ọsàn kíkorò kan nínú ọgbà, ó sì kọ́ ọmọ ìyá onígi bí wọ́n ti ń sè é, kí òun má bàa máa dúró nídìí iná. Nígbà tó ṣe, òyìnbó padà sí ìlú rẹ̀, iṣẹ́ kù sọ́wọ́ ìyálé mi. Kò rí ẹni tà á fún títí ọkọ̀ ojú irin fi wọ Ìbàdàn, tí ilé ìtajà bẹ̀rẹ̀ sí ṣí ní Gbági, tí àwọn akọ̀wé láti Èkó sì wá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀. Àwa nílé kò pè é ní mámáléèdì. Ọsàn sísè ni à ń pè é.

Ìgbà ọyẹ́ ni ọsàn kíkorò máa ń gbó dáadáa. A ó bó o, a ó gé èèpo rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, a ó rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì. Kóró rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọnù. Inú aṣọ funfun ni a ń dì í sí, a ó sọ ọ́ sínú ìkòkò, nítorí òun ló ń mú kí omi ọsàn dì. A ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sí i, àti ọsàn mímu díẹ̀ kí ìkorò náà lè rọjú. Lẹ́yìn náà ni ṣúgà. Ṣúgà ni iṣẹ́ gan-an. "Ṣúgà kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀," ni ìyálé mi máa ń wí. Tí iná bá pọ̀, á jó. Tí iná bá kéré, omi lásán lo máa bù sínú ìgò. A ó kán díẹ̀ sórí àwo, a ó jẹ́ kó tutù, a ó fi ìka tì í. Tí ó bá ṣunjọ níwájú ìka bí awọ ojú ẹ̀kọ, ó ti dé nìyẹn.

Ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta la fi ń sè é, ó wúwo. Òfin kan wà tí ìyálé mi kò fi ṣeré, gbogbo agbo ilé ló sì mọ òfin náà: ìkòkò yẹn kì í kan ilẹ̀ nígbà tó bá gbóná. Pẹpẹ amọ̀ kan wà lẹ́yìn ààrò tó ga dé àyà mi. Àwa méjèèjì la jọ máa ń gbé e lọ síbẹ̀, òun lápá kan, èmi lápá kan, àkísà tútù lọ́wọ́ wa.

Ọdún kejì tí mo délé ọkọ ni mo bí ọmọbìnrin. Ìyálé mi ló kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́. Òun ló ń pọ̀n ọ́n, yàrá rẹ̀ ni ọmọ náà ń sùn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, ìyálé mi ló ń pè ní "Ìyá". Èmi, ó ń pè mí ní "Ìyàwó", nítorí ohun tó ń gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ yẹn nìyẹn. Gbogbo agbo ilé a máa fi rẹ́rìn-ín, èmi náà a sì máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́, ìgbà mìíràn wà tó máa ń dùn mí. Mà á gbé e lé ẹsẹ̀, mà á rọra sọ fún un létí pé, "Èmi ni ìyá rẹ." Á wò mí, á ní, "Ìyàwó," á bọ́ sílẹ̀, á sáré lọ. Ohun tó fẹ́ràn jù láyé ni kó máa lá igi tí a fi ń ro ọsàn, lẹ́yìn tí ìyálé mi bá ti fi omi tútù bọ̀ ọ́.

Ó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́ta, mo sì ti lóyún èkejì, oyún oṣù márùn-ún. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà. Akọ̀wé kan ní Gbági ti ránṣẹ́ pé òun ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó, pé òun fẹ́ kó ọsàn sísè lọ fún àwọn ará ilé òun. A ti wà nídìí iná láti àárọ̀. Nígbà tí ìrun ọ̀sán tó, ìyálé mi ṣe àlùwàlá. Kó tó wọ yàrá rẹ̀ níbi tí ọmọ náà ń sùn, ó yọjú wo inú ìkòkò, ó ní, "Ìyàwó, ó kù díẹ̀. Tó bá ti dé, dúró dè mí. Mà á kírun tán, ká jọ gbé e." Mo ní ó dáa.

Ọsàn dé kí ìyálé mi tó kírun tán. Mo fi ìka tì í lórí àwo, ó ṣunjọ. Iná ṣì ń jó lábẹ́ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó máa jó tí mo bá fi í sílẹ̀. Mo lè fa igi iná jáde. N kò fà á. Àkókò yẹn ni wọ́n ké sí mi láti iwájú ilé pé ìránṣẹ́ akọ̀wé ti dé. Mo fi àkísà di ìkòkò náà mú, mo gbé e kúrò lórí ààrò, ṣùgbọ́n oyún kò jẹ́ kí n lè gbé e ga dé pẹpẹ. Mo gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà yàrá, níbi tí ilẹ̀ kò ti tẹ́jú. Mo sọ fún ara mi pé n kò ní pẹ́.

Ìránṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí yìn wá níwájú ilé. Ó ní ọ̀gá òun sọ pé tiwa dára ju èyí tí wọ́n ń kó bọ̀ láti ìlú òyìnbó lọ. Mo dúró gbọ́ ọ. Mo bi í ní ìbéèrè kan, ó dá mi lóhùn, mo rẹ́rìn-ín. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rín yẹn ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí mo gbọ́ igbe ọmọ mi.

Ó ti jí lójú oorun. Ó jáde láti yàrá, ó rí ìkòkò nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó rí igi ìrosàn nínú rẹ̀, ó sì nawọ́ fà á. Ìkòkò dojú dé, ó dà sí i láti àyà wá sísàlẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé ẹ̀yìnkùlé, ìyálé mi ti gbé e kúrò nínú rẹ̀, ó ti da omi inú àmù lé e lára, ó ń fi ọwọ́ àti apá gbá ọsàn tó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò. Kò pariwo. Ó kàn ń sọ fún ọmọ náà pé, "Mo ti gbé ọ. Mo ti gbé ọ."

Wọ́n sáré lọ pe ọkọ wa ní ìsọ̀. Nígbà tó dé, a ti tẹ́ ọmọ náà sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń fi àdín pa á lára. Ọkọ wa wo ọmọ, ó wo ìkòkò, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ta ló gbé ìkòkò sílẹ̀?"

Mo la ẹnu. Ó dá mi lójú pé mo la ẹnu.

Ìyálé mi kò gbójú sókè kúrò lára ọmọ. Ó ní, "Èmi ni."

Nígbà tí àwa méjì nìkan wà nínú yàrá pẹ̀lú ọmọ náà, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì ní kí n dákẹ́. Ó ní wọ́n máa sọ pé mo pa ọmọ tí mo bí, wọ́n sì máa fi ọ̀rọ̀ náà fún mi jẹ, wọ́n á fi fún mi mu, títí oyún inú mi á fi bàjẹ́. Ó ní ojú tí wọ́n máa fi wo òun kò lè yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti fi ń wo òun ní gbogbo ọdún tí òun kò fi bí. Ohun tó rò nìyẹn. Ó rò pé wọ́n máa pè é ní àìṣọ́ra, kí wọ́n bínú, kó sì tán.

Ọmọ náà kú ní ọjọ́ kẹta, ọ̀sán kò tíì pọ́n. Orí ẹsẹ̀ ìyálé mi ló wà. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa. N kò rántí ìsìnkú náà dáadáa. Ohun tí mo rántí ni pé ọsàn tó dà sílẹ̀ ti dì mọ́ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ó ń dán, àwọn èèrà ti bo gbogbo rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lágbára láti ha á kúrò.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ wa obìnrin sọ̀rọ̀. Gbogbo àgbà ilé ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní ẹnu ìyálé yìí ni gbogbo wa ti gbọ́ pé ìkòkò yẹn kì í kan ilẹ̀. Ó ní obìnrin tí kò bí, tó mọ òfin yẹn, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe òfin yẹn, ló wá gbé ìkòkò kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí ọmọ olọ́mọ ń sùn. Ó ní òun ò sọ nǹkan kan o, kí àwọn àgbà rò ó.

Wọ́n rò ó. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ti ń gba ojú kan bọ́ sí ojú kejì. Ìyálé mi jókòó, ó ká apá sínú ìborùn. Ọkọ wa ń wo ilẹ̀. Nígbà náà ni olórí ilé yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ tó bí ọmọ, kí lo rí?"

Mo ní, "N kò rí nǹkan kan, bàbá. Iwájú ilé ni mo wà."

Òótọ́ ni. Nínú gbogbo irọ́ tí mo ti pa láyé mi, òun nìkan ni kò ní irọ́ kankan nínú. Ìyálé mi gbójú sókè, ó wò mí. Kò fi ojú bínú sí mi. Ó dúró bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ṣì kù. Nígbà tó rí i pé kò kù mọ́, ó tún wo ilẹ̀.

Ọkọ wa ní kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ọ̀rányàn fún ìgbà díẹ̀, kí ọkàn gbogbo ilé rọlẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí ìgbà díẹ̀ yẹn ti gùn tó. Lọ́jọ́ kejì ó di ẹní rẹ̀ àti àpótí rẹ̀. Kò mú ìkòkò. Ó kí àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, àní àwọn tí kò dá a lóhùn. Nígbà tó kàn mí, ó ní, "Ìyàwó, máa jẹun dáadáa o, nítorí èyí tó wà nínú." Ó sì lọ.

Mo sọ fún ìyá mi. Ìdí àtẹ rẹ̀ ní Ọjà'ba ni mo lọ bá a, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò dáwọ́ ọsàn tó ń tò dúró. Ó bi mí bóyá mo ti sọ fún ẹlòmíràn, mo ní rárá. Ó ní kí n má sọ, àbí mo fẹ́ kí wọ́n lé èmi náà pẹ̀lú oyún nínú? Mo gbà. Ohun tí mo wá gbọ́ ló sọ fún mi.

Mo bí ọmọbìnrin mìíràn, èyí tó ń kọ èyí. Àwọn akọ̀wé ń ránṣẹ́ láti Gbági fún ìgbà pípẹ́, mo ń sọ fún wọn pé ẹni tó mọ̀ ọ́n sè ti lọ. Mo mọ̀ ọ́n sè. N kò lè gbọ́ òórùn rẹ̀ ni. Ní gbogbo ìgbà ọyẹ́, ọsàn kíkorò a máa jẹrà lẹ́yìn àtẹ ìyá mi.

Láti Bẹyẹrúnkà dé Ọ̀rányàn, ẹni tó bá ń mu ọsàn lọ kò ní tíì mu méjì tán kó tó dé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi rin ìrìn náà. Nígbà mìíràn mo máa ń rí i lókèèrè ní Ọjà'ba, mà á yára yà sí ọ̀nà tóóró kan láàárín àwọn ìsọ̀, mà á dúró títí á fi kọjá. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ rí mi. Mo gbójú sókè, mo rí i pé ó ti rí mi, mo sì rí i tó rọra yí padà gba ọ̀nà mìíràn lọ, kí èmi má bàa ní láti sá.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ wa dùbúlẹ̀ àìsàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, inú rẹ̀ sì wú tẹ̀ lé e, ó sì hàn sí gbogbo wa pé kò ní dìde. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí èmi nìkan jókòó tì í, ó bi mí bóyá mo máa ń gbúròó ìyálé mi. Ni ẹkún bá gbé mi. Mo sọ fún un pé èmi ni mo gbé ìkòkò sílẹ̀.

Ó ní, "Mo mọ̀."

Ó ní gbogbo ọdún tí òun fi rí obìnrin yẹn nídìí ìkòkò yẹn, kò gbé e kan ilẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí ibà ń ṣe é. Ó ní bí òun ṣe bi í ní ìbéèrè tó sì dáhùn ni òun ti mọ̀ pé kì í ṣe obìnrin náà ló gbé e.

Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ò fi sọ̀rọ̀?"

Ó ní, "Ìwọ ńkọ́?"

Kò lo ọ̀sẹ̀ náà já. Nígbà tí mo ṣe opó tán, mo ní kí olórí ilé bá mi pe àwọn àgbà jọ. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. N kò mọ ohun tí mo ń retí. Bóyá mo rò pé wọ́n máa lù mí, tàbí kí wọ́n dìde kí wọ́n lọ bẹ obìnrin náà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wa obìnrin, tó ti darúgbó nígbà náà, ní ìbànújẹ́ ikú ọkọ ló ń dà mí láàmú. Olórí ilé ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a ti sin, kí n má ṣe jẹ́ kí a hú u. Wọ́n ṣàdúrà fún mi. Wọ́n túká. Kò sí ẹni tó lọ sí Ọ̀rányàn.

Èmi ni mo lọ, èmi àti ọmọ mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin la ti bá a, ó ń bó ẹ̀gúsí. Irun rẹ̀ ti funfun níwájú. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo dé, n kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó. O ti rù."

Mo sọ ohun tí mo wá sọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọkọ wa, mo sọ ti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo sunkún, ó sì jẹ́ kí n sun ún tán. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò nínú ẹ̀gúsí. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, "Èmi ni mo sọ pé èmi ni. Kò sẹ́ni tó rán mi. Tó bá tún di òní, mà á tún sọ ọ́. Mi ò retí pé kóo sọ ọ́ lójú wọn, o ti lóyún, ẹ̀rù ń bà ọ́." Ó bó ẹ̀gúsí kan, ó sọ ọ́ sínú igbá. "Ṣùgbọ́n mo rò pé wàá wá. Mo sọ fún wọn nílé yìí pé ìyàwó mi ń bọ̀. Mo sọ ọ́ títí tí wọ́n fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo bá dákẹ́. Ọmọ yẹn, èmi náà bí i. Mi ò rí ẹni tá a máa jọ sunkún ẹ̀."

Mo ní kí ọmọ mi wá kí i. Ó kúnlẹ̀. Ìyálé mi ṣàdúrà fún un, àdúrà gígùn, tó dára, pé kó dàgbà, kó bí ọmọ, kó sin wá. Kò fọwọ́ kàn án. Ọmọ mi dá kálàmù dúró níbí yìí, ó ní òun rántí ọjọ́ náà, pé nígbà tí a ń padà bọ̀ òun ń ro ohun tí òun ṣe tí ìyá yẹn kò fi fẹ́ràn òun.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń lọ sí Ọ̀rányàn. Ó ń gbà mí lálejò. Á ní kí n jókòó, á béèrè ará ilé, a ó sọ̀rọ̀ nípa orúnkún tó ń dùn ún àti bí ọjà ti wọ́n. Oúnjẹ tí mo bá gbé lọ, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń fún. Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan pé kó jẹ́ kí n mú un padà sí Bẹyẹrúnkà. Ó ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, n kò sì sọ ọ́ mọ́. Kò bá mi jà lọ́jọ́ kan. Nígbà mìíràn mo máa ń gbàdúrà lójú ọ̀nà pé kó bá mi jà.

Ó kú ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Mo bẹ àwọn obìnrin ilé rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n wà lára àwọn tó máa wẹ̀ ẹ́. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì gbà.

Bùbá alápá gígùn ló máa ń wọ̀ láti ọdún wọ̀nyí wá. Ó máa ń ní òtútù ń mú òun, èmi a sì máa rò ó sí ọjọ́ orí. Nígbà tí a bọ́ ọ, mo rí apá rẹ̀ méjèèjì. Láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbùnwọ́, awọ ibẹ̀ ti ṣunjọ, ó ń dán, ó pọ́n níbì kan, ó funfun níbì kan. Apá tó fi gbé ọmọ mi jáde nínú ṣúgà gbígbóná ni. Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá tí a jọ wà nílé lẹ́yìn ìjàm̀bá náà, ó ń ká apá náà sínú ìborùn lójú mi, n kò bi í léèrè. Ọdún márùn-ún ni mo fi jókòó tì í ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, n kò bi í léèrè.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì ń da omi sí i, n kò lè gbé ọwọ́ náà sílẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rọra sọ fún mi pé ọwọ́ kejì ló kàn, pé omi ti ń tutù.